Ọ̀já Tí Mùílì Hun

Gbogbo sàfù ti forí balẹ̀, Mùílì nìkan ló ṣì tẹ̀ ní rúkúù. Ó fẹ́ nà, kò nà. Ó fẹ́ lọ sílẹ̀, ìbàdí kọ̀. Òógùn bò ó lójú. Kí ìrun Ayílà tó parí, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rí i pé Mùílì ahunṣọ ti há sójú kan bí ilẹ̀kùn tí òjò mú wú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí!" ló pariwo nígbà tí wọ́n sálámà tán. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn mí!"

Wọ́n kúkú fọwọ́ kàn án, wọ́n gbé e. Bó ṣe tẹ̀ ní mọ́sáláṣí náà ló tẹ̀ délé. Bàbá Jẹ́ẹ́dé, olórí àwọn ahunṣọ agboolé wọn, ń tẹ̀ lé wọn bọ̀, ọwọ́ kan lórí ọ̀pá, ọwọ́ kejì lórí ìbàdí ara rẹ̀.

"Mùílì, ó pẹ́ tí mo ti ń wò ọ́," Bàbá wí nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. "Bí o bá hun lónìí, o ò ní hun lọ́la. Àtíbàbà wa kò sì fẹ̀. Bí òfì rẹ kò bá dún títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, Tàófíìkì tó ń dúró de àyè ni yóò jókòó síbẹ̀."

"Bàbá, ibẹ̀ ni bàbá mi jókòó sí títí ó fi kú."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bá a ri òpó rẹ̀. Òun náà kò ní fẹ́ kí aláǹtakùn máa hun aṣọ níbẹ̀."

Mùílì yíjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ìbàdí lọ. Iṣẹ́ mìíràn wo ló mọ̀ ní gbogbo Ìsẹ́yìn? Ọkùnrin tí kì í lè sinmi ni. Bó bá jókòó lásán pàápàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ ìtẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Mùyìbátù ìyàwó rẹ̀ dúró kí àwọn èèyàn lọ tán.

"Bàbá Misturat, ọ̀já yẹn dà?"

"Mo tú u nígbà tí mo fẹ́ ṣàlùwàlá."

"Ẹ ò rí i báyìí?"

Ṣáájú ààwẹ̀ ni Mùílì ti lọ sí ọsibítù. Ọmọ́ládé, ọ̀dọ́bìnrin tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ẹlẹ́yìn ríro níbẹ̀, sọ fún un pé ìjókòó ojoojúmọ́ ti mú kí iṣan ikùn rẹ̀ dẹ̀, ẹ̀yìn nìkan ló wá ń ru gbogbo ẹrù. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fẹ̀yìn lélẹ̀ láràárọ̀, tí yóò fa ìdodo sínú díẹ̀, tí yóò rọra gbé ìdí sókè, tí yóò sì tún rákò, ọwọ́ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn.

Ọ̀ràn dé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Mùílì gbìyànjú rẹ̀ nílé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìdí sókè ni ìyàwó Ìyápọ̀, ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó wá tọrọ ìṣáná ṣílẹ̀kùn. Ó pa á dé kíá, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rín ti gba agboolé kan. Ìyẹn ló pa eré ìdárayá. Mùílì rántí pé ọ̀já ni àwọn obìnrin fi ń di ikùn lẹ́yìn ìbímọ, tí ikùn á sì le padà. Òun ahunṣọ ńkọ́? Kí ló wà lára ọmọ èèyàn tí aṣọ kò lè dì mú? Ó hun ọ̀já kan tó ki dáadáa, ó ń dì í sábẹ́ bùbá. Ara tù ú níbẹ̀rẹ̀, àní ó tún ń fọ́nnu. Bó ṣe ń dì í le sí i, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ikùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń dẹ̀ sí i.

Nígbà tó lè dìde, Mùyìbátù sìn ín padà sí ọsibítù. Ọmọ́ládé gbé ọ̀já náà sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ máa di èyí?"

"Èmi náà ni. Èmi ni mo hun ún."

"Iṣẹ́ yín dára. Ṣùgbọ́n ọ̀já ń bá ikùn yín ṣiṣẹ́, ikùn bá lọ sùn. Nígbà tí ẹ tú u, ta ló kù sẹ́nu iṣẹ́?"

"Dọ́kítà, ẹ sáà fún mi lábẹ́rẹ́. Ọjọ́ ọjà ti sún mọ́lé."

"N ò ní abẹ́rẹ́ tó máa bá yín jókòó sídìí òfì. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀."

Mùílì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdí sókè sódò wàràwàrà, bí ẹni ń ju ọ̀kọ̀ òwú lórí òfì.

"Rárá o! Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ sì máa mí."

Ìdúró yẹn gan-an ló nira. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n, ọkàn rẹ̀ ti sáré dé àtíbàbà. Ọmọ́ládé ká ọ̀já náà, ó tì í bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó tẹ̀ kòtò.

"Ẹ fa ikùn sínú, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kan. Ọ̀já yìí ò gbọdọ̀ yẹ̀." Ó fi ìka méjì fà á, ó jáde wẹ́rẹ́. "Ẹ rí i? Ikùn ò tíì jí, kò sẹ́ni tó dì í mú. N ò lè ṣèlérí ọjọ́ ọjà fún yín. Ẹ máa ṣe é nílé, kí ẹ máa dìde ṣe é níbi iṣẹ́."

"Níbi iṣẹ́? Lójú ayé?"

Mùyìbátù ló dáhùn. "Ṣé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti gbé yín jáde ní mọ́sáláṣí ni? Ìtìjú ló fẹ́ gba òfì bàbá yín lọ́wọ́ yín o, Bàbá Misturat. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Láràárọ̀ ni Mùílì ń ṣe é nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, Tàófíìkì ti kó òwú rẹ̀ dé ìdí òfì náà kí Mùílì tó yọ. Ẹní ni Mùílì gbé lọ́wọ́.

"Bàbá, n ò ní purọ́," ó sọ fún Bàbá Jẹ́ẹ́dé. "N ò tíì lè jókòó pẹ́. Màá hun, màá dìde, màá dùbúlẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi, màá tún hun. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí Tàófíìkì jókòó."

Ó tẹ́ ẹní sáàárín àtíbàbà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Òfì kan dákẹ́, òmíràn dákẹ́.

"Mùílì, ṣé o fẹ́ bímọ ni?" Ìyápọ̀ bi í. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Etí Mùílì gbóná. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ dìde sá lọ. Kò dìde. Ó ti ọ̀já bọ abẹ́ ẹ̀yìn, ó fa ikùn sínú, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró síbẹ̀, ó ń mí.

Bàbá Jẹ́ẹ́dé sún mọ́ ọn. "Kí ni ti aṣọ tí o sùn lé?"

"Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ikùn ń ṣiṣẹ́, Bàbá. Ẹ fà á wò."

Bàbá fọwọ́ ti ìbàdí, ó bẹ̀rẹ̀, ó kérora. Ó fà á. Kò wá. Ó tún fà á. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró.

Ó pẹ́ kí Bàbá tó lè nà tán. Ó wo àwọn ahunṣọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, bí gbogbo wọn ṣe tẹ̀ sórí òfì.

"Tàófíìkì!"

"Bàbá."

"Kó òwú rẹ padà sílé. Bí o bá ń bọ̀, bá mi mú ẹní kan dání."