Ọjọ́ Tí Vern Ti Ṣọ́ọ̀bù

Ẹnu Lorna Tregenza ló kó bá a. Kí á ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé ayé ló ṣe é. Ọjọ́ Kérésì ni, oòrùn ń jó òrùlé, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, Gwenda ọmọ rẹ̀ sì tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi alùpùpù sílẹ̀, pé ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kì í fi máṣíìnì da àgùntàn mọ́. Lorna gbé ẹran náà mì. Ó ní, "Ọjọ́ tí Vern Lienert bá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ọjọ́ náà ni màá sọ̀kalẹ̀. Gbogbo yín ni ẹlẹ́rìí." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun gan-an ló rẹ́rìn-ín jù, ó rín in títí ó fi só, ó sì dì í ru ajá.

Ta ni ìbá rò ó? Bàbá Vern ti ń ta máṣíìnì níbẹ̀ kí Vern tó dáyé. Ẹni tó bá fi ṣọ́ọ̀bù yẹn búra ní ìlú Karrawinta, bí ẹni fi òkè búra ni. Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù dé, Vern sì so páálí mọ́ ilẹ̀kùn: Sátidé yìí ló kẹ́yìn.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, Lorna fi Gwenda tó wá lo ìsinmi sílẹ̀ nídìí tíì, ó gun máṣíìnì rẹ̀ lọ sí ìlú. Nígbà tó dé ìyànà àká àlìkámà, ó fẹsẹ̀ tẹ jíà wálẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè ké dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe. Vern a máa gbọ́ ọ láti ibi tó wà, kí èèyàn sì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ti mú irinṣẹ́ tó yẹ dání.

"Okùn kilọ́ọ̀ṣì rẹ ń gbẹ," Vern wí kí Lorna tó ṣí akoto lórí.

"Èmi náà ń gbẹ. Ṣé o rí ẹni tó fi epo pa mí?"

Vern ta epo sí okùn náà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, etí rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Lókè ilẹ̀kùn rẹ̀, níbi tí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń kó máṣíìnì fún un ti wà tẹ́lẹ̀, ojú ògiri mọ́ fo bí ibi tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí báńdéèjì kúrò. Arákùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ náà, tí bàtà rẹ̀ ń dán, ló ti ìlú ńlá Adelaide wá wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, tó ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi gíláàsì kọ́ ọ, kí wọ́n tẹ́ táìsì sí i, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ kọfí kalẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Vern ní ìgbẹ́ àgùntàn làwọn oníbàárà òun ń gbé wọlé lábẹ́ bàtà. Arákùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ orúkọ wọn, wọn ò sì kó máṣíìnì fún un mọ́.

Nínú ilé, orí pẹpẹ ti ń ṣófo. Des Kuchel, àgbẹ̀ onírùngbọ̀n pupa, ń kó pílọ́ọ̀gì sínú fìlà rẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹyin.

"Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Màmá Lorna, torí táyà kan ṣoṣo, ìrìn wákàtí mẹ́rin sí ìlú ńlá," ó wí. "Màá gbé máṣíìnì sẹ́yìn ọkọ̀ lọ, màá tún gbé e padà. Ohun tó yẹ kó máa gbé mi, èmi ni màá máa gbé e kiri."

"Pọ̀n ọ́n. Ìyàwó rẹ á yá ọ ní ọ̀já."

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Bàtà ẹsẹ̀ rẹ yẹn ńkọ́? Ṣebí níbí lo ti wọ̀ ọ́ wò, tó o lọ rà á lórí fóònù?"

Des wo bàtà rẹ̀. Lorna náà sì rọra gbé akoto rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn, nítorí orí fóònù ni òun náà ti rà á, lẹ́yìn tó ti wọ gbogbo akoto Vern wò tán.

Vern jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Ó gbé nǹkan kan tó wà nínú àpò ajílẹ̀ lé orí tábìlì. "Tìẹ nìyí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tà á mọ́ àwọn yòókù."

Lorna ṣí àpò náà. Ìjókòó máṣíìnì ni, aláwọ̀ dúdú, ó gùn, ó sì ga bí búrẹ́dì tó wú.

"Ìjókòó mi wà lábẹ́ ìdí mi láti ọjọ́ yìí wá, Vern."

"Èyí ló bá máṣíìnì náà wá lọ́jọ́ tó o rà á. Èyí tó ò ń gùn, mo ti gé nínú tìmùtìmù rẹ̀."

"Gé e báwo?"

"Díẹ̀díẹ̀. Tó o bá ti gbé e wá ká pààrọ̀ epo."

Lorna rẹ́rìn-ín. Gbogbo agbègbè ló mọ̀ pé títí di òní, tí òun bá dúró lórí máṣíìnì, àtẹ́lẹsẹ̀ òun méjèèjì a máa tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀. Ó ti fi bú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ta tiwọn. Ó sọ fún bàbá Des lójú gbogbo èèyàn pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sá padà sínú ikùn. "Gbé e sí i," ó wí. "Gbé èyí tó ga yẹn sí i, kí o wò mí."

Vern gbé e sí i. Lorna na ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó jókòó, ó sì fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Ọmọ ìka nìkan ló kàn án. Máṣíìnì náà rọra fì sí òsì bí àgbà tó ń tòògbé, Lorna sì bá a lọ, ó dé orí òkìtì páálí òfìfo, ó wọlé sínú rẹ̀ títí dé ìbàdí. Des ló di máṣíìnì mú.

"Ẹ rọra, Màmá Lorna. Ilẹ̀ ò sá."

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu. Ìdí mi àti ilẹ̀ ti mọra tipẹ́."

Àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n padà sídìí pẹpẹ, Lorna kò tíì jáde nínú páálí náà.

"Láti ìgbà wo, Vern?"

"Láti ìgbà tí Harold ti kú."

Harold ni ọkọ rẹ̀. "Mi ò sọ fún ọ pé nǹkan kan ń dùn mí."

"O ò sọ. Bó o ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni mo ń wò."

"Kilọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ yẹn ńkọ́? Mo rò pé ọwọ́ mi ló ṣì le."

Vern na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde. "Ìyẹn náà," ó wí.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ṣé wàá gbà?"

Lorna gbọn páálí kúrò lára. "Ẹni tó ń ta máṣíìnì ní ìlú ńlá, ṣé ó lè máa bá mi gé e?"

"Ìjókòó tuntun ló máa tà fún ọ. Tuntun a sì máa ga." Ó ti ń dá èyí tó kéré padà sí ààyè rẹ̀. Ó fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́. "Tìmùtìmù rẹ̀ ku bí ìka kan. Lẹ́yìn ìyẹn, irin ni."

Ó padà sílé pẹ̀lú ìjókòó gíga náà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn. Ní ìyànà àká àlìkámà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún tẹ jíà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Lójú ọ̀nà gbọọrọ náà, láàárín pápá àlìkámà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó ń ronú nípa gbogbo ọdún tó fi ń yangàn kiri. Wọ́n ní ọmọ tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Òun ti di ìyá àgbà pátápátá, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló sì wà.

Gwenda ń sá aṣọ nígbà tó wọlé. Lorna pa ẹ́ńjìnnì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀. Ó wò wọ́n.

"Vern ti ti ṣọ́ọ̀bù náà," ó wí. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò fo ti páálí náà. Lẹ́yìn náà ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. "Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ Kérésì. Gbà."

Gwenda kò gbà á. Ó tú okùn, ó gbé ìjókòó gíga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ìyá rẹ̀ jókòó lé, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Ó fi àtàńpàkò tẹ tìmùtìmù tó ṣẹ́ kù, ó tẹ̀ ẹ́ títí ìka rẹ̀ fi kan irin.

"Màmá," ó wí, "irú ọ̀bẹ wo ló fi ń gé e?"