Iṣu Àkọ́wà Ìsàlẹ̀ Òkè

"Baba, ogun ti tán! Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀!"

Bí Yàkúbù ṣe ń bẹ Sulaiman, bàbá rẹ̀, nìyẹn láti ìgbà tí òyìnbó ti dé Ìlọrin. Bàbá kò gbà. Lójú oko, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ òkè, ni àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ti mú ẹ̀gbọ́n Baba lẹ́rú lọ nígbà èwe wọn. Láti ìgbà náà ni ìlú wọn, tí kò jìnnà sí Ọ̀sì, ti ń gbé orí òkè. Wọ́n ń to òkúta di ògiri kí òjò má baà gbá ìwọ̀nba erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ, síbẹ̀ iṣu wọn kì í ju apá ọmọdé lọ.

Salamot, ìyàwó Yàkúbù, kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ọkọ mi, bí Baba kò bá lọ, àwa ńkọ́?"

Ni wọ́n bá lọ. Ilẹ̀ tó ti sinmi títí ti di igbó. Yàkúbù fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ó kígbe. Erùpẹ̀ dúdú, rírọ̀, ekòló ń yí nínú rẹ̀! Salamot bu ẹ̀kúnwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n dá àwọn igi kan sí kí iṣu lè rí ibi gùn, wọ́n kọ ebè, wọ́n gbin ẹ̀bù.

Nígbà tí iṣu gbó, Yàkúbù wa ebè kìíní títí, kò kan ìdí iṣu. Salamot bá a fi ọwọ́ họ ilẹ̀.

"Ẹ rọra, kó má ṣẹ́ o!"

"Ó ṣì ń lọ! Salamot, ó ṣì ń lọ!"

Igbe wọn dé orí òkè. Àwọn ará ilé rò pé ogun ti padà dé. Wọ́n gbé ọfà, wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀, Baba Sulaiman ló sì ṣíwájú tòun tàdá. Ó bá àwọn méjèèjì nínú kòtò, erùpẹ̀ bo ojú wọn, wọ́n gbá iṣu kan mọ́ra bí ẹni gbá ọmọ.

"Iṣu ni?"

"Iṣu ni, Baba!"

Àdá bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Ó wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ yíká, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì tẹ̀ lé e. "Gbé ọkọ́ yẹn wá. Ebè wo ló kàn?"

Àwọn yòókù ti ń já màrìwò, wọ́n ń fi sàmì sí ilẹ̀ kiri títí dé etí odò, kí kálukú lè gba tirẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ fi etí odò yẹn sílẹ̀ o!" ni Salamot ń ké, tó ń sáré lọ. "Ti Baba wa nìyẹn!"