Ẹsẹ̀ Lásán Lórí Kápẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀rọ ìfọkápẹ́ẹ̀tì ń ké, omi ń gun kápẹ́ẹ̀tì lọ, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Kíákíá sì dúró gbagidi sójú kan bí ẹni tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ mira. Nígbà tó máa fi mọ ohun tó ń ṣe, ó ti da omi sí iwájú yàrá ìpàdé náà débi pé bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún pẹ̀ṣẹ̀pẹ̀ṣẹ̀. Ó pòṣé. Obìnrin tó ti ń fọ kápẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ ò tíì hu eyín. Irú àṣìṣe yìí, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá ló ń ṣe é.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi náà padà, ó tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó tún tì í síwájú. Ọ́fíìsì ńlá ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀ torí pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ibi iṣẹ́ tó dáa nìyí. Kò sẹ́ni tó máa rìn kọjá lórí kápẹ́ẹ̀tì tútù, kò sẹ́ni tó máa béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá pé ìgbà wo ló máa gbẹ. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò balẹ̀ láti àárọ̀, ó sì mọ ohun tó fà á.

Iṣẹ́ méjì ló bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ọ́fíìsì yìí ni ọ̀kan. Èkejì ni ilé bàbá kan tí ayálégbé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde, tí ayálégbé mìíràn sì fẹ́ kó wọlé lọ́la. Kíákíá ò lè pín ara rẹ̀ sí méjì, kò sì fẹ́ kí èyíkéyìí bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, torí owó ẹ̀rọ tó rà láwìn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ló bá pe Ẹ̀gbọ́n, ó ní kó wá bá òun ṣe ilé bàbá náà.

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Abẹ́ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ, ọ̀gá tó máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, tó máa gbé e fún wọn, tí kò sì ní sọ iye tó gbà á. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ ọ níṣẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ wọ́n ní Kíákíá àti Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí pé kí Ẹ̀gbọ́n tó fọ yàrá kan tán, Kíákíá á ti fọ méjì, á ti jókòó, á ti máa wá nǹkan tó máa jẹ. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Máa sáré lọ. Tó bá gbẹ, a máa rí ẹni tí wọ́n máa pè padà." Kíákíá ni wọ́n sì máa ń pè padà.

Ohun kan wà tí Ẹ̀gbọ́n kì í fi ṣeré. Ẹni tó bá fẹ́ díye lé kápẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà, kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín láti ògiri dé ògiri. Ojú lè má rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá da ọtí dídùn sí á máa lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ibi tí ìtọ̀ ajá bá sì gbẹ sí á le bí aṣọ tí wọ́n ki bọ omi sítáàṣì. Ìtọ̀ tó ti gbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Ìgbà tí omi bá kàn án ló máa ń jí, òórùn á gba gbogbo ilé, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní wákàtí díẹ̀ á sì gba odindi ọjọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló gba iṣẹ́, tí ẹlòmíì fẹ́ ṣe é, Ẹ̀gbọ́n ní àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jọ rìn ín kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó. Ọ̀gá wọn ò bá wọn rìn ín rí. Orí fóònù ni tiẹ̀ ti máa ń parí.

Orí fóònù náà ni Kíákíá ti bá Ẹ̀gbọ́n parí ọ̀rọ̀ ilé bàbá yìí.

"Iṣẹ́ kékeré ni, Ẹ̀gbọ́n," ó ti sọ fún un lánàá. "Pálọ̀ kan, yàrá méjì. Kò ní gbà yín lásìkò." Ó wá sọ iye tó máa fún un.

Ẹ̀gbọ́n gbà. "Ó dáa, àbúrò mi. Ìwọ lo rí i."

Ó rí i lóòótọ́. Ó bọ́ bàtà, ó rìn ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan ibi líle náà lábẹ́ fèrèsé pálọ̀ àti lẹ́nu ọ̀nà yàrá méjèèjì. Ó mọ̀ pé ajá ti gbé ibẹ̀, kò sì gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Torí ẹ̀ ló ṣe bu owó gidi lé e fún bàbá onílé, owó tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í láti dárúkọ. Bàbá náà kàn ní, "Kò burú." Inú rẹ̀ dùn títí ó fi délé. Nígbà tó wá pe Ẹ̀gbọ́n, ìdajì ló sọ fún un, bí ẹni pé ajá kankan ò dé ibẹ̀ rí. Ó ti ya ìdajì tó kù sọ́tọ̀ fún owó ẹ̀rọ lọ́kàn ara rẹ̀.

Láti àárọ̀ ló ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò sóhun tó burú níbẹ̀. Òun ló wá oníbàárà. Òun ló jó epo lọ síbẹ̀. Òun ni bàbá máa pè tí nǹkan kan bá bàjẹ́. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti rò ó tán, á tún gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n létí: Ìwọ lo rí i.

Fóònù dún lápò rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n ni.

"O kú iṣẹ́ o, àbúrò mi."

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ó ń lọ dáadáa lọ́dọ̀ yín?"

"Nígbà tó o wá wo ilé yìí, ṣé o bọ́ bàtà?"

"Mi ò bọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n. Mo ń sáré lọ́jọ́ yẹn."

"O ń sáré."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa," Ẹ̀gbọ́n wí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Kíákíá dúró, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ìgbà téèyàn ń kí aládùúgbò. Ohun tó bà á nínú jẹ́ jù nìyẹn. Tó bá tiẹ̀ kólòlò, ì bá sàn.

Kò tíì fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ìdajì tí fóònù tún fi dún. Ó rò pé Ẹ̀gbọ́n ló tún pè. Ọ̀gá wọn àtijọ́ ni, tó ṣì máa ń gbé iṣẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

"Kíákíá, mo ní ilé kan fún ẹ lọ́jọ́ Ajé," ọ̀gá wí. "Iṣẹ́ kékeré ni. Pálọ̀ kan, yàrá méjì. Kò ní gbà ẹ́ lásìkò."

Ó mú fóònù kúrò létí, ó wò ó bí ẹni pé inú rẹ̀ ló ti máa rí ojú ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún Ẹ̀gbọ́n gan-an ni, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Kò mọ ìgbà tó kọ́ ọ sórí.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti rìn ín?"

"Mo ti ṣe kí ni?"

"Ṣé ẹ bọ́ bàtà, tí ẹ rìn ín?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti bà ẹ́ jẹ́ pátápátá. Ṣé o máa ṣe é, àbí kí n pe ẹlòmíì?"

"Màá pè yín padà, sà."

Bó ṣe parí ọ́fíìsì náà, kò yé e. Ó ṣáà parí. Ó ju ẹ̀rọ sẹ́yìn ọkọ̀, kò ká rọ́bà omi rẹ̀ dáadáa, ó sì gba ọ̀nà ilé bàbá náà lọ. Bó ṣe ń wakọ̀ ló ń kọ́ ohun tó máa sọ. Ó lè fi díẹ̀ kún owó Ẹ̀gbọ́n, kó ní, "Ẹ gba èyí náà, mo rí i pé ẹ ṣe wàhálà gan-an." Ẹ̀gbọ́n á dúpẹ́, ọ̀rọ̀ á tán, kò sì sẹ́ni tó máa dárúkọ bàtà mọ́. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ ọn títí ó fi dé ibi iná ojú títì. Ibẹ̀ ló ti rántí ẹ̀bùn tí ọ̀gá máa ń pín fún wọn tí ọdún bá ń parí lọ, àti bí gbogbo wọn ṣe máa ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ fèrè kó tó mọ̀ pé iná ti yí padà.

Òórùn náà pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì.

Gbogbo fèrèsé ló wà ní ṣíṣí. Ẹ̀gbọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú pálọ̀, ó so àgékù fóòmù mọ́ orúnkún méjèèjì. Ó ti ṣí igun kápẹ́ẹ̀tì sókè lábẹ́ fèrèsé, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ra oògùn tó ń pa òórùn ìtọ̀ sí ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ tó ti gbó, tí wọ́n fi téèpù dì ní ọ̀pọ̀ ibi, dúró tì í. Nínú gbogbo ilé náà, pálọ̀ yìí nìkan ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì parí rẹ̀.

"O ti dé," ó wí, kò gbójú sókè. "Má tẹ ibẹ̀ yẹn."

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Ooo."

Kíákíá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ohun tó kọ́ sórí nínú ọkọ̀ ti fò lọ. "Ẹ̀gbọ́n, mo bọ́ bàtà lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ló kọ́ ẹ?" Ẹ̀gbọ́n ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ike. "O lè sáré, o lè gbàgbé ọṣẹ sílé oníbàárà, mo ti rí gbogbo ìyẹn. Mi ò rí ọjọ́ kan tó o wọ bàtà díye lé kápẹ́ẹ̀tì. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohun tó o máa sọ ni."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ká ní ó bínú ni, Kíákíá ì bá rí nǹkan wí. Ojú tì í, ó tì í gidi, ó sì mọ̀ pé bí òun ṣe ń pàdánù ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí iṣẹ́ yìí fún òun nìyí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Yàrá ẹ̀yìn ṣì gbẹ. Ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín, kí ẹ̀yin fúnra yín sọ iye."

Ẹ̀gbọ́n di ògiri mú, ó fi ọwọ́ kejì ti ìbàdí, ó sì dìde. Wọ́n jọ wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ń rìn ní ẹsẹ̀ lásán. Lẹ́nu ọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n tẹ ibì kan. "Ibí." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀, ó tún dúró. "Ibí náà." Nígbà tí wọ́n rìn ín dé ògiri, ó yíjú, ó sì dárúkọ owó náà. Kò tijú, kò kánjú, ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ orúkọ ọmọ rẹ̀.

Kíákíá rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo owó tí bàbá fẹ́ san ò tó bẹ́ẹ̀."

"Èló lo sọ fún un?"

Ó sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ bo ẹnu. "Pẹ̀lú ìtọ̀ yìí?"

"Pẹ̀lú ẹ̀, mà."

"Níbo lo ti rí irú iye yẹn?"

Kíákíá mọ ibi tó ti rí i. Iye tí ọ̀gá máa ń fún wọn fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ló mú, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó sì dárúkọ rẹ̀ fún bàbá onílé. Lójú tiẹ̀, ó ti dé òkè pátápátá. Kò mọ iye kankan mìíràn láyé. Láti àárọ̀ ló ti ń bẹ̀rù pé òun ti dà bí ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá ò jẹ́ gba iṣẹ́ yìí ní iye tó kéré bẹ́ẹ̀ láé.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Báwo lẹ ṣe mọ tiyín?"

"Mo ṣírò oògùn. Mo ṣírò àsìkò. Mo ṣírò ìbàdí mi lọ́la."

"Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí."

"Kò sẹ́ni tó bi mí rí," Ẹ̀gbọ́n wí. Ẹ̀rín díẹ̀ wá sẹ́nu rẹ̀, ó sì tún lọ. "Tí bàbá ò bá fi kún un ńkọ́?"

Kíákíá rántí ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un, àti bó ṣe máa ń pè láago mẹ́fà ìdájí. "Tiyín á pé," ó wí. "Èyí tó bá kù, èmi ni màá wá a." Ẹ̀rù bà á bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ tán.

Wọ́n gbọ́ géètì. Bàbá onílé ló wọlé, aṣọ ìnujú wà nímú rẹ̀, bàtà dúdú dídán wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lẹ ṣe sí ilé mi? Kò rùn báyìí kí ẹ tó dé. Lọ́la lẹni yẹn ń kó wọlé."

Ọ̀rọ̀ tí Kíákíá ti ń sọ fún àwọn oníbàárà láti ọjọ́ tó ti dáyé iṣẹ́ yìí ti dé orí ahọ́n rẹ̀: ẹ má bínú, sà, ó máa lọ, a máa yọ díẹ̀ nínú owó. Ó gbé e mì. Ó wo Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n kàn ń dúró gbọ́ ohun tó máa sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," Kíákíá wí. "Ẹ bọ́ bàtà yín."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Kí ẹ bọ́ bàtà, sà, kí ẹ wá fẹsẹ̀ tẹ ibí. Lẹ́yìn náà ni a máa sọ̀rọ̀ owó."

Bàbá náà wo bàtà rẹ̀. Ó wo àwọn obìnrin méjèèjì tí wọ́n dúró ní ẹsẹ̀ lásán lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí èyíkéyìí nínú wọn ò mira. Lẹ́yìn náà ó ki aṣọ ìnujú bọ àpò, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tú okùn bàtà.