Kọfí Onílàjà

Ní ọdún 1962, ní Gálílì, Menashe, àgbẹ̀ Júù, fi ẹ̀sùn kan Fawzi, Árábù aládùúgbò rẹ̀, pé ewúrẹ́ rẹ̀ ń jẹ bàrà òun. Ó búra pé òun yóò ti kànga tí àwọn méjèèjì ti jọ ń pọn omi. Ará abúlé méjèèjì péjọ sí ẹ̀bá oko náà. Abu Nayif, àgbà onílàjà, gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ dé láti ẹ̀yìn òkè. Fawzi gbé kọfí fún un, ṣùgbọ́n onílàjà kì í fi ẹnu kan kọfí títí a ó fi mọ ẹlẹ́bi.

"Bàbá, kọfí yín ń tutù o," ni Fawzi wí.

"Bó bá tutù, ẹ gbé e lé orí Menashe, á tún hó," ni Abu Nayif fèsì.

"Ẹ má fi mí ṣeré!" ni Menashe wí. "Ewúrẹ́ yẹn mọ ihò ọgbà mi bí ẹni mọ ọ̀nà ilé àna!"

Níbi tí wọ́n ti ń jiyàn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Abu Nayif tí a kò so rọra yí ọgbà po, ó gba ihò tí igbó bò wọlé láìwá a rárá, bí èyí tó ti máa ń gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bàrà.

Abu Nayif dìde, ó gbé kọfí náà lé Fawzi lọ́wọ́.

"Mu ún, ọmọ mi. Ẹ̀yin ará, Abu Nayif, tí kì í so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ni ẹlẹ́bi."