Ẹni Tó De Páìpù Ilé Ìdáná Yẹn

Púlọ́ńbà náà kò tíì gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ nínú ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì tó fi gbọ́ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè é. Ẹ̀rọ tuntun tó ń fọ abọ́ gba omi tán, ó pa ẹnu dé lójijì, ni páìpù ara ògiri bá dún gbì, bí ẹni pé wọ́n fi òòlù gbá a. Àwọn ife orí pẹpẹ gbọ̀n. Olórí alásè, obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, ṣàlàyé pé àwọn ti pààrọ̀ ìsopọ̀ kan, ó tún ń jò, àti pé gbogbo ẹni tó bá ń fọ abọ́ níbẹ̀ ló ń ta gìrì bí ológbò tó gbọ́ ohùn ajá.

Obìnrin ni púlọ́ńbà náà. Ìyá Páìpù ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ páìpù kankan ò sì fi ìgbà kan pè é ní màmá. Ó ní kí wọ́n má dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Omi tó ń sáré bọ̀ kò mọ̀ pé ọ̀nà ti dí. Ó forí sọ ọ́ ni. Bí kò bá sì rí ibi tí yóò fẹ̀yìn tì, páìpù ni yóò máa bá jà títí ìsopọ̀ yóò fi là. Ó tú pátákó abẹ́ síńkì, ó sì ki orí bọ̀ ọ́.

Ibẹ̀ ló ti rí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táàpù àtijọ́ kọ̀ọ̀kan, páìpù kúkúrú kan dúró ṣánṣán, wọ́n dé e lórí, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gba ìkọlù omi. Gbogbo irin tó de páìpù mọ́ ògiri ló sì ní awẹ́ rọ́bà lábẹ́, èyí tí wọ́n gé lára táyà kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ká etí rẹ̀ sínú. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó máa ń ká etí rọ́bà sínú bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́. Òun àti bàbá wọn jà lórí ṣọ́ọ̀bù ìdílé, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Ẹ̀gbọ́n di ẹrù, ó lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Bàbá ti kú. Ìyá Páìpù ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun, ó ń bá èèyàn ṣàwàdà, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin kan bá ń súfèé kọjá lójú pópó bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti máa ń ṣe, á kọ́kọ́ yíjú wò ó ná.

Ó fọwọ́ pa rọ́bà náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Olórí alásè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bi í bóyá ó ti rí àrùn náà. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu òun náà.

"Ó ní kí n má sọ," olórí alásè wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tó ṣe páìpù yìí níjọ́un ni mo kọ́kọ́ pè. Ó ní ọ̀nà jìn, kí n wá yín rí. Ó ní, 'Àbúrò mi ni. Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ.'"

Ó na fóònù sí i. Ìyá Páìpù kò gbà á. Ó ní kí òun parí iṣẹ́ ná. Ó ti omi pa, ó tú gbogbo èyí tó wà nínú páìpù dànù, kí afẹ́fẹ́ lè padà sínú àwọn páìpù kúkúrú tí omi ti gba àyè rẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun náà kò ní páìpù kúkúrú tirẹ̀ rárá. Ó so ìgò irin kékeré kan tó ní afẹ́fẹ́ nínú mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó fún gbogbo irin tó ti dẹ̀. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ó gba omi, ó pa ẹnu dé. Kò sí ìró kankan.

Olórí alásè pe nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n, Ìyá Páìpù wá gba fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣé ó ti dákẹ́?"

"Ó ti dákẹ́."

"Kí lo ṣe sí i?"

Ó mọ̀ pé kì í ṣe páìpù ló ń béèrè gan-an. Síbẹ̀ ó ròyìn gbogbo rẹ̀, nọ́ọ̀tì kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń fà á gùn kí ohùn náà má baà kúrò létí òun. Nígbà tí ìròyìn tán, ó ní, "Bàbá béèrè yín kí wọ́n tó lọ."

Ẹ̀gbọ́n ní òun gbọ́ ikú náà. Ojú ló ń ti òun. Ìyá Páìpù bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n ní òun á rò ó.

Kò tíì dé. Ṣùgbọ́n ó ń pè báyìí, bí iṣẹ́ kan bá ta kókó fún un, tàbí tó bá díbọ́n pé ó ta kókó. Ìyá Páìpù á jókòó sórí àpótí, á sì máa kọ́ ọ ní ohun tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yìí gan-an ló fi kọ́ òun.