Irun tí Bertha Ṣe De Ìyá Ọkọ Rẹ̀

Fọ́tò ìgbéyàwó ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Irun Bertha kúrú nínú rẹ̀ bí irun ọmọ iléèwé, nítorí ní Gánà níbẹ̀, gígẹ̀ ni wọ́n ń gẹ irun gbogbo ọmọbìnrin tó bá ń lọ síléèwé. Bertha, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kùmásí, ti dàgbà tán, kò mọ nǹkan mìíràn tí wọ́n ń fi irun ṣe. Nígbà tí fọ́tò dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, ó wò ó títí, ó sì ní kí wọ́n bá òun kọ̀wé sí Cornelius ọmọ òun, kí ó jọ̀ọ́ sọ fún òun èwo ni ìyàwó nínú ọkùnrin méjì tó dúró yìí.

Cornelius ka lẹ́tà náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bertha ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, fún ọdún márùn-ún gbáko, kò jẹ́ kí àlùmọ́gàjí kan orí rẹ̀ mọ́.

Lẹ́tà kejì ló wá le. Ọdún 1972 ló dé. Ẹ rántí pé ọdún mẹ́ta ṣáájú ni ìjọba Gánà ti ní kí àjèjì tí kò bá níwèé kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Cornelius ríwèé gbà ní tirẹ̀, torí akọ̀wé ni nílé iṣẹ́ onígẹdú kan ní Santasi, ọ̀gá rẹ̀ ò sì mọ ibi tí fáìlì kankan wà bí Cornelius ò bá sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lé ní ìdajì ìjọ Yorùbá wọn tó lọ, tí àga ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo. Ìròyìn yìí ni Màmá ń rò lọ́kàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó fi kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá mú Adéfọlá lọ sílé, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ kan ṣoṣo tí Bertha bí. Ó ní ìlú tí wọ́n ti ń lé èèyàn bí ẹni lé adìyẹ kì í ṣe ibi tí à ń fọmọ sí. Ó tún ní, ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀, òun ò tí ì mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ mọ ọmọ tọ́.

Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu Bertha mọ́. Cornelius ní kó fọkàn balẹ̀, pé òun á bá ìyá òun sọ̀rọ̀. Àmọ́ Bertha mọ ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin tó lè kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin sí mánéjà ni, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá wúkọ́ báyìí, á ti dọ̀bálẹ̀ kó tó rántí ohun tó fẹ́ sọ.

Bertha bá gba ọ̀ràn náà ṣe fúnra rẹ̀. Ohun tó rò kò ju èyí lọ: bí Màmá bá rí òun bí obìnrin tó mọ ara rẹ̀ tọ́jú, á mọ̀ pé òun mọ ọmọ tọ́. Ó ti rí ìyàwó mánéjà ọkọ rẹ̀, ọmọ Asante tó ti ìlú òyìnbó dé. Irun rẹ̀ nà gbọọrọ, ó ń dán, ó sì ká sókè létí bí etí ìwé. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ fún obìnrin bẹ́ẹ̀ pé kó gbé ọmọ rẹ̀ wá. Irun dídì, lójú Bertha, ti ọmọdé àti ti ará oko ni, kò sì fẹ́ kí Màmá bá òun bí ará oko.

Ọjọ́ Àìkú nírọ̀lẹ́ ni Màmá dá. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ Sátidé, Cornelius lọ sọ́jà lọ ra ibùsùn tuntun tí ìyá rẹ̀ máa sùn lé, Bertha sì pe Yaa. Inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní Ashanti New Town, yàrá wọn dojú kọ ara, kò sì sí ẹni tó mọ irun nà bíi Yaa ní gbogbo àdúgbò náà. Yaa ní òun á ṣe é, ṣùgbọ́n kí wọ́n yára, torí ìsìnkú wà lọ́sàn-án. Sátidé Kùmásí ṣá ni, ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ̀gbọ́n onílé ló kú, gbogbo ará ilé ló sì ti wọ aṣọ dúdú, Yaa alára pẹ̀lú, tí wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀ nínú àgbàlá, tí wọ́n ń wá bàtà.

Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún Bertha, torí Yaa kúrú, bí Bertha bá jókòó lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó o. Bertha ró ìró aró àtijọ́ kan mọ́ àyà, èyí tó ti ya, kí òróró má bàa ba aṣọ gidi jẹ́. Yaa ki òòyà irin bọ inú ẹ̀yín iná. Bó bá yọ ọ́, á kọ́kọ́ fi tẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ wò. Bí ìwé bá pọ́n, ó ti gbóná jù nìyẹn, á dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á fi òróró pa irun, á sì fi òòyà fà á láti ìdí dé ṣóńṣó, tí á máa dún ṣàà, tí èéfín á máa rú. Lẹ́ẹ̀mejì ló fi jó Bertha létí. Bertha ò pariwo. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àmọ́ èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n, omi sì ń dà ní ihò imú. Ó wá ku ìpàkọ́ nìkan. Yaa da gbogbo irun náà síwájú, ó bo Bertha lójú, ó sì di èjìká rẹ̀ mú kó má bàa mira.

Báyìí ni Màmá ṣe bá wọn. Ọkọ̀ ti yá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ọlálékan, oníṣòwò tó mú un wá, gbé ẹrù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó tọ́ka sí ilé, ó sì sáré padà síbi ọjà rẹ̀ ní Kejetia.

Ẹ má dá Màmá lẹ́bi. Kì í ṣe pé kò rí irun nínà rí. Àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun ni nọ́ọ̀sì ń wọ̀, ìdúró ló sì ń wà. Èyí tí Màmá rí ni ilé tó kún fún èèyàn aláṣọ dúdú, àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní, nínú àkísà aró, tó tú irun sílẹ̀ bo ojú, tí imú ń dà, tí aládùúgbò dì í léjìká mú. Nílẹ̀ wa, ọjọ́ tí ọkọ bá kú ni wọ́n ń tú irun ìyàwó, tí á bọ́ sórí ẹní pẹ̀lú aṣọ dúdú, tí kò sì ní dirun títí ọ̀fọ̀ á fi parí. Ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bertha ni kò mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ ti kú kó tó gbọ́n, àwọn ìyá ìjọ tó tọ́ ọ dàgbà kọ́ ọ ní orin àti aṣọ lílọ̀, wọn ò sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe opó.

Màmá ò béèrè ohunkóhun. Ó káwọ́ lérí, ó ní òun gbé, ó sì ṣubú lulẹ̀.

Bertha gbọ́ ẹkún, ó gbá irun kúrò lójú, ó rí arúgbó kan tó fi ojú jọ Cornelius gẹ́lẹ́ tó ń yí nínú erùpẹ̀. Òun náà ò béèrè. Èèyàn kì í ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ṣáájú ọjọ́ tó dá, kó sì bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà, bí kò bá jẹ́ pé òkú ló sáré gbé e wá. Bàbá ọkọ òun ló kú! Bertha ò rí Bàbá rí, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni Bàbá ń kọ̀wé sí i, òun nìkan ló sì ń pè é ní ọmọ mi nínú lẹ́tà. Bertha fò kúrò lọ́wọ́ Yaa, ó lọ dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó sunkún tọkàntọkàn, irun àárọ̀ kùtù tòun ti òróró rẹ̀ sì ń gbálẹ̀.

Àwọn ará ilé yọ jáde. Ọmọ Asante kì í rí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kó kọjá lọ, wọ́n sì kúkú ti múra. Wọ́n tò, wọ́n ń bọ àwọn méjèèjì lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wí pé, “Due, due.” Màmá ò gbọ́ Twi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń báni kẹ́dùn. Kò wá sí iyèméjì lọ́kàn rẹ̀ mọ́ pé Cornelius ti kú.

Nígbà tó ṣe, Màmá fa Adéfọlá, tó ti sáré jáde nínú yàrá, mọ́ra, ó sì na ọwọ́ kejì sí irun Bertha.

“Olúbùnmi, dìde nílẹ̀,” Màmá wí, ó fi orúkọ Yorùbá Bertha pè é. “Mo ti ṣẹ̀ ọ́. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bí sí Gánà ò mọ nǹkan kan, èmi náà sì gbà wọ́n gbọ́. Wò ó bí o ṣe ṣe irun rẹ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ nínú ilé wa gan-an. Kò sẹ́ni tó máa gba ọmọ yìí lọ́wọ́ rẹ.”

Bertha gbọ́ ọ̀rọ̀ irun, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ. Nínú ọ̀fọ̀ Bàbá gan-an, inú rẹ̀ dùn, ó sì tijú ara rẹ̀. Ó ní lọ́kàn pé òróró Yaa ti ṣiṣẹ́.

Ìgbà náà ni Cornelius wọlé, tó ru ibùsùn lórí. Ó rí ìyá rẹ̀, ó rí ìyàwó rẹ̀, ó rí èèyàn aláṣọ dúdú yí wọn ká. Ó ju ibùsùn sílẹ̀, ó béèrè ẹni tó kú. Màmá fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀, ó fọwọ́ kàn án láyà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú díẹ̀díẹ̀ sí Bertha.

“Nígbà tí ọkọ rẹ wà láàyè,” ó ní, “kí lo tú irun sílẹ̀ fún?”

Bertha kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Ó ní oge ni, pé òòyà gbígbóná ni, pé nítorí Màmá lòun ṣe fẹ́ kó dán. Bó ti ń ṣàlàyé tó ni ojú Màmá ń le tó. Màmá ní òun ò lè fi ọmọ ọmọ òun sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi opó ṣe ọ̀ṣọ́, Adéfọlá ń bá òun lọ. Cornelius la ẹnu. Màmá wúkọ́. Cornelius pa ẹnu náà dé.

Bertha wò ó pé ọmọ ti ń lọ. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí ẹni tí mò ń sunkún fún.”

Màmá yíjú sí i.

“Bàbá ni. Mo rò pé Bàbá ló kú. Mi ò rí wọn rí, Màmá. Ṣùgbọ́n wọn ò béèrè rí bóyá ọkùnrin ni mí.”

Màmá wo iyanrìn pupa tó lẹ̀ mọ́ òróró lórí ọmọbìnrin náà, ó wò ó pẹ́. Ó fa àpótí kan sún mọ́ra, ó jókòó, ó sì fọwọ́ lu ilẹ̀ tó wà láàárín orúnkún rẹ̀. Bertha lọ jókòó síbẹ̀. Màmá gbọn iyanrìn dànù, ó la irun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Irun nínà ò sì ṣe é dì. Bó bá dì í dé ìdajì, á yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á tún tú ká. Ó dì í lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sú u. Ó ní òun ò lè fi Olúbùnmi ọmọ òun sílẹ̀ pẹ̀lú orí opó. Ó dìgbà tí òun bá di irun yìí kí òun tó lọ, Adéfọlá náà á sì dúró dìgbà náà. Ó wá béèrè ìgbà tó máa padà bó ṣe wà.

Yaa, tó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀ lẹ́nu Bertha, fẹ́ sọ pé garawa omi kan ti tó láti dá a padà. Bertha tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ó máa tó oṣù mẹ́ta, Màmá,” ni Bertha wí.

Oṣù mẹ́ta di mẹ́fà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, bí Màmá bá ti lọ sípàdé àwọn ìyá ìjọ, Yaa á fẹ́ná, Bertha á jókòó, etí á jó. Bí Màmá bá dé, ilé á ti máa rùn bí ìgbà tí wọ́n wí ẹran. Màmá á fa irun náà wò, yóò ní kò tí ì ṣe é dì, á sì gbé Adéfọlá pọ̀n.

Lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹfà, òjò ká Bertha mọ́ ojú ọ̀nà. Kó tó délé, gbogbo irun náà ti ká jọ, ó ki, ó sì ṣe é dì bí irun ọmọ tuntun. Màmá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, Adéfọlá sùn lọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí Bertha, ó rí orí rẹ̀, ó sì yára yíjú sí ògiri.

“Lọ pe Yaa,” Màmá wí, “kí n tó rí i.”

Bertha sì lọ pe Yaa.