Ìdérí fún Ṣìmìní Wa

Èyí tó ní àwọ̀n yíká, àbí èyí tó dì pa? Àbí èyí tí afẹ́fẹ́ ń yí bí òkòtó... Rárá o. Ìyẹn máa ń ké. Uncle Japheth tó ń tún òrùlé ṣe ti sọ ọ́: "Tó bá ti dípẹtà, á máa sunkún lórí ilé yín." Ẹkún lórí ilé — ká má fi kún èyí tó wà níbẹ̀.

Mummy ní ẹyẹlé àti afẹ́fẹ́ ló ń tan Màmá-àgbà jẹ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìpè, ká dé ẹnu ṣìmìní, ihò èéfín orí òrùlé, ló kù. Wọ́n ní kí n yan ìdérí kan lórí fóònù kí wọ́n tó ti ibi iṣẹ́ wọn ní Thamesmead dé. "Asher, o ò lọ school mọ́, o ò níṣẹ́. At least, mú ìdérí!" Irin lásán ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè mú un. Èmi ò rí i mú.

Màmá-àgbà wà níwájú mi, wọ́n kọjú sí ààrò inú ògiri tí ẹnikẹ́ni kì í dáná sí. Ẹrù mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, wọ́n ti dì í. Wọ́n wọ bàtà. Láti ọjọ́ Ajé, omi nìkan ni wọ́n ń mu. Wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́ Ajé... Ó dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́. Èmi tí mo bu iyọ̀ sínú ṣúgà Uncle Japheth, èmi tí mo fi ohùn pásítọ̀ pe Mummy tí wọ́n fi kúnlẹ̀ ní kíṣìnnì — eléyìí ló máa ga jù. Mo gbé sípíkà kékeré kan sókè nínú ihò ṣìmìní, lórí bíríkì kan tó yọ síta. Mo lọ dúró sórí àtẹ̀gùn. Mo pe "Sọ̀fíyátù" sínú fóònù, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ̀yìn fọ́tò àtijọ́ kan ni mo ti rí orúkọ yẹn. Orúkọ tí Màmá ń jẹ́ kí wọ́n tó di Deborah, kí wọ́n tó di ìyá ìjọ. Munirat, ẹ̀gbọ́n wọn, nìkan ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ títí tó fi kú. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn.

Mo rò pé wọ́n á pariwo Jésù. Mo rò pé màá rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa ro mí...

"Ẹ̀ẹ̀n? Mò ń bọ̀."

Jẹ́jẹ́ ni Màmá sọ ọ́. Bí ẹni tó ti ń retí ìpè. Àwọn fúnra wọn ló kọ́ mi: tí o bá gbọ́ orúkọ rẹ, tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Wọ́n sì dáhùn.

Mo ti yọ sípíkà náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà, bátìrì ẹ̀ ti kú. Àmọ́ lánàá, lọ́sàn-án gangan, Màmá tún gbójú sókè. "Mo gbọ́. Mo ti di ẹrù." Ta ni wọ́n ń dá lóhùn? Mo ki orí bọ ààrò, mo wòkè. Ojú ọ̀run bíńtín kan, funfun, ó ń wò mí. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti ọ̀nà Crossness, létí odò, ó gbé òórùn ẹrẹ̀ dání. Afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ ò mọ orúkọ èèyàn...

Èyí tó dì pa, kó parí. Wọ́n á ní ẹyẹlé ni, kò ní sẹ́ni tó máa mọ̀ pé èmi... Ṣùgbọ́n Uncle Japheth ní, "Fi ihò díẹ̀ sílẹ̀ o. Ilé gbọ́dọ̀ mí." Mo ń gbọ́ ọ. Ó ń mí. Àbí Màmá ni. Àbí èmi.

Èyí tó ní àwọ̀n, nígbà náà. Kí ohùn lè rí ibi gbà — dúró. Ohùn ta ni?

Mo dé e, mi ò dé e, Màmá ti wọ bàtà. Ẹni tó ti dáhùn, irin wo ló máa...

Àmọ́ lọ́jọ́ Ajé yẹn, wọn ò kàn dáhùn kí wọ́n jókòó. Wọ́n dìde. Ibẹ̀ ni mo ti ń fò látàárọ̀, mi ò fẹ́ sọ ọ́. Wọ́n fọwọ́ ra ògiri wá sí ìdí àtẹ̀gùn, wọ́n wo ojú mi. Ohun tí àgbà máa ń ṣe nìyẹn: tí ìpè bá ti bá ọ lójijì, tí o ti dáhùn, wá ẹni tó pè ọ́ káàkiri ilé. Tó bá jẹ́ alààyè, ó tán síbẹ̀; tí kò bá sí alààyè tó jẹ́wọ́, òkú ló pè ọ́, wàá sì lọ.

"Asher, ìwọ lo pè mí?"

Wọ́n fún mi láyè láti jẹ́wọ́. Ẹ̀rín ń pa mí lọ nínú.

"Èmi kẹ̀? Rárá o, Màmá."

"Ó dáa." Wọ́n yíjú padà, wọ́n lọ ń di ẹrù.

Irọ́ tí mo pa yẹn ló wà nínú ihò ṣìmìní. Òun ló ń pè wọ́n láti ọjọ́ Ajé, tọ̀sán-tọ̀sán, mi ò sì lè gbọ́ ọ torí ẹnu mi ló ti jáde...

Màmá gbójú sókè. Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì mú ìkankan. Wọ́n ń la ẹnu láti dáhùn — mo gbọ́dọ̀ ṣáájú wọn jẹ́wọ́ pé èmi ni mo pè wọ́n.